Ààbò Orí Òkun Nínú Ìṣèlú Àgbáyé

Ààbò orí òkun ni orúkọ tí wọ́n ń fún gbogbo ètò tí ìjọba, àjọ àgbáyé, ọlọ́kọ̀ òkun àti ará etíkun ń ṣe kí ọkọ̀ lè lọ kó sì bọ̀ láìséwu, kí ọrọ̀ inú omi má bọ́ sọ́wọ́ olè, kí ìjà má sì gba ojú omi wọ ìlú. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, kò sì tíì sí ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ayé fọwọ́ sí. Nígbà tí Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìròyìn rẹ̀ lórí òkun ní ọdún 2008, kàkà kó túmọ̀ rẹ̀, ṣe ló ka àwọn ewu tó wà níbẹ̀: ìjalè lórí òkun, ìkọlù àwọn apániláyà, gbígbé ohun ìjà lọ́nà ẹ̀bùrú, òwò oògùn olóró, kíkó ènìyàn gba orí omi kọjá láìgbàṣẹ, ẹja pípa tó lòdì sófin, àti mímọ̀ọ́mọ̀ ba omi jẹ́.

Gbogbo ìjọba ló gbà pé ewu ni nǹkan wọ̀nyí, àmọ́ èyí tó ká olúkúlùkù lára jù yàtọ̀ síra. Ní Washington, ohun tó jẹ wọ́n lógún ni kí ọkọ̀ ogun wọn máa rí àyè kọjá ní gbogbo òkun ayé. Ní Beijing, ọ̀rọ̀ àwọn erékùṣù tó wà nínú Òkun Gúúsù Ṣáínà ló gbapò iwájú. Ní Rome àti Athens, ọkọ̀ rọ́bà tó kún fún àwọn tó ń wá ọ̀nà wọ Yúróòpù ni wọ́n ń ṣọ́. Ní ti apẹja Ìlàjẹ ní etíkun Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ewu tó mọ̀ ni tírọ́là ńlá tó wá fa àwọ̀n rẹ̀ ya lóru, àti epo rọ̀bì tó ń léfòó níbi tí ẹja ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹni bá fẹ́ mọ ìṣèlú òkun dáadáa gbọ́dọ̀ fi nǹkan méjì sọ́kàn: orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ewu ojú omi ti ń hù, ẹni tó sì ní ọkọ̀ ogun ló sábà máa ń pinnu èyí tí ayé yóò pè ní ewu.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan gbogbo ènìyàn kò ṣòro láti rí. Bí wọ́n bá wọn ẹrù tí orílẹ̀-èdè kan ń tà fún òmíràn, ó ju ìdá 80 nínú 100 lọ tó ń gba orí òkun. Ìrẹsì tí wọ́n ń sè ní Ìbàdàn, àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, oògùn ilé ìwòsàn, mọ́tò tòkunbọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sí Kútọnu, epo bẹntiróòlù àti gáàsì ìdáná, ọkọ̀ ojú omi ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ọ̀nà òkun kan bá dí, owó ọjà á gbéra ní ìlú tí kò ní etíkun rárá.

Ta ló ni òkun?

Láyé àtijọ́, agbára ni òfin òkun. Ní 1494, Sípéènì àti Potogí bá ara wọn ṣe àdéhùn ní ìlú Tordesillas, wọ́n fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n sì pín ilẹ̀ àti omi tó wà ní ìhà méjèèjì ìlà náà láàárín ara wọn bí ẹni pín ogún bàbá. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù kò gbà. Ní 1609, amòfin ará Họ́láńdì kan, Hugo Grotius, tẹ ìwé Mare Liberum jáde, ó ní òkun kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè fi ṣe tirẹ̀, pé ọ̀nà gbogbo ayé ni. Àǹfààní ìlú rẹ̀ ló ń gbèjà, nítorí àwọn oníṣòwò Họ́láńdì ń wá ọ̀nà wọ Íńdíà àti àwọn erékùṣù ìlà-oòrùn tí Potogí ti sọ di tirẹ̀. Ní 1635, John Selden ará Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pẹ̀lú ìwé Mare Clausum, ó ní ọba lè ní omi bó ṣe ní ilẹ̀. Àríyànjiyàn méjèèjì yìí kò tíì kú títí dòní. Orílẹ̀-èdè tó bá lágbára níbi gbogbo máa ń sọ pé kí òkun ṣí sílẹ̀. Èyí tó ń bẹ̀rù àlejò á ní kí ilẹ̀kùn wà ní títì.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba fara mọ́ ni pé ọba ìlú etíkun ló ni omi dé ibi tí ìbọn àgbá rẹ̀ lè yìn dé, ìyẹn bíi máìlì òkun 3. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, epo rọ̀bì abẹ́ òkun àti ẹja sọ ìwọ̀n yẹn di ohun tí kò tó mọ́. Lẹ́yìn ìjíròrò ọlọ́dún gbọọrọ, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Òfin Òkun ní Montego Bay ní Jàmáíkà ní oṣù Kejìlá 1982, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá 1994. UNCLOS ni wọ́n ń pè é. Láti etí omi dé máìlì òkun 12, ìyẹn bíi kìlómítà 22, omi orílẹ̀-èdè náà ni, òfin rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ àjèjì lè kọjá bí kò bá fa wàhálà. Dé máìlì 24, ìjọba lè lé àwọn afàyàwọ́ àti àwọn tó rú òfin ìwọlé. Dé máìlì 200, ẹja, epo àti gbogbo ọrọ̀ inú omi àti abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè etíkun, ṣùgbọ́n kò lè dá ọkọ̀ dúró láti kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni agbami, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Lórí agbami, òfin àsíá ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń tẹ̀lé: bó bá gbé àsíá Panama, òfin Panama ló wà lórí rẹ̀, bí ẹni tó ni ín tilẹ̀ ń gbé ní Gíríìsì. Panama, Liberia àti àwọn Erékùṣù Marshall ló ní àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tó pọ̀ jù láyé, bẹ́ẹ̀ kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ní ọkọ̀ ogun tó lè lọ gba ọkọ̀ wọ̀nyẹn sílẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Amẹ́ríkà, tó ní ọmọ ogun ojú omi tó lágbára jù, kò tíì fọwọ́ sí UNCLOS, àmọ́ ó ń ní kí àwọn mìíràn tẹ̀lé e.

Etíkun Yorùbá ti mọ adùn àti kíkorò agbára òkun ṣáájú kí àdéhùn kankan tó wà. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ó rán ọkọ̀ ogun wá máa ṣọ́ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù Kẹrin 1822, àwọn ọkọ̀ náà gba ọkọ̀ ẹrú Potogí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Èkó. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n kó ní Òṣogùn wà lára àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown. Òun ló padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí ìtẹ́. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú. Kò ju ọdún mẹ́wàá lọ tí Èkó fi bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, ní 1861. Ọkọ̀ tó gba Àjàyí là àti ọkọ̀ tó gba ìlú mọ́ ọba lọ́wọ́, orí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ní wọ́n wà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ìjọba kan bá rán ọkọ̀ ogun lọ sí omi ẹlòmíràn nítorí ààbò, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà wá ṣe gan-an, kó sì béèrè ọjọ́ tí yóò padà.

Àwọn ọ̀nà tóóró

Òkun tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi díẹ̀ ni ọkọ̀ àgbáyé ń gbà. Ọ̀nà Hormuz, láàárín Ìráànì àti Oman, kò ju kìlómítà 33 lọ níbi tó ti há jù, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún epo tí gbogbo ayé lò ní 2024 gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà Malacca ló so Òkun Íńdíà mọ́ Ṣáínà àti Japan. Bab el-Mandeb ni ẹnu ọ̀nà Òkun Pupa. Ọ̀nà omi Suez tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n sì ṣí ní 1869, ló so Òkun Pupa mọ́ Mẹditaréníà. Wọ́n fojú bù ú pé bí ìdá 12 nínú 100 òwò àgbáyé ló ń gba ibẹ̀ kí ìkọlù Òkun Pupa tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ Ever Given fi bí nǹkan wọ̀nyí ṣe so kọ́ra hàn kedere. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2021, ọkọ̀ tó gùn ní mítà 400 yìí há sí ìhà méjèèjì Suez, imú rẹ̀ wọ iyanrìn ní apá kan, ìdí rẹ̀ wọ ti èkejì. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi wa iyanrìn tí wọ́n sì fi ń fà á. Ó lé ní 300 ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn. Japan ni àwọn tó ni ọkọ̀ náà wà, ilé iṣẹ́ ará Taiwan ló ń lò ó, àsíá Panama ló gbé, ọmọ Íńdíà ni àwọn atukọ̀ rẹ̀, omi Íjíbítì ló sì há sí. Kò sí ìbọn tó dún, kò sí olè níbẹ̀, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù ń retí ẹrù tí kò dé.

Láti oṣù Kọkànlá 2023, ìbọn ló dún ní tòótọ́. Àwọn Houthi, tó ti gba olú-ìlú Yemen láti 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í fi mísáìlì àti dírónù kọlu ọkọ̀ ọjà ní Òkun Pupa, wọ́n ní nítorí ogun Gásà ni. Ní oṣù Kẹta 2024, ọkọ̀ Rubymar rì, atukọ̀ mẹ́ta sì kú nínú ọkọ̀ True Confidence. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá yí orí ọkọ̀ wọn padà, wọ́n ń yí gúúsù Áfíríkà po, èyí tó fi bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì kún ìrìn àjò. Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ju bọ́ǹbù sí Yemen, Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà rán ọkọ̀ ogun. Ohun ìjà tí wọ́n fi ń yìnbọn lu dírónù wọ́n ju dírónù náà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹgbẹ́ tí kò ní ọkọ̀ ogun ńlá kan ṣoṣo lé àwọn ọkọ̀ tó lówó lórí jù láyé kúrò lójú ọ̀nà wọn. Àwọn tó kọ́ nípa agbára òkun lára Alfred Thayer Mahan, ọ̀gágun ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé olókìkí rẹ̀ ní 1890, gbà pé ẹni tó bá ní ọkọ̀ ogun tó pọ̀ jù ló ń jọba lójú omi. Òkun Pupa fi hàn pé ẹni tó bá jókòó sí etí ọ̀nà tóóró pẹ̀lú ohun ìjà olówó pọ́ọ́kú náà lè ní ọ̀rọ̀ sọ.

Àwọn ajalèlókun: Sòmálíà àti Ọ̀gbun Gíní

Ìjọba Sòmálíà fọ́ ní 1991. Kò sí ọmọ ogun ojú omi mọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tírọ́là àjèjì wá ń kó ẹja ní omi tí kò lólùṣọ́. Àwọn apẹja kan gbé ìbọn láti lé wọn. Kò pẹ́ tí àwọn olówó àti àwọn jagunjagun fi rí i pé èrè wà nínú ìjínigbé, iṣẹ́ ẹja sì di iṣẹ́ owó ìràpadà. Ní oṣù Kẹfà 2008, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu 1816, tó gba ọkọ̀ ogun àjèjì láyè láti wọ omi Sòmálíà lépa ajalèlókun, nítorí ìjọba onígbà díẹ̀ tó wà níbẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Íńdíà, Ṣáínà àti Rọ́ṣíà, tí kì í sábà fẹnu kò, gbogbo wọn rán ọkọ̀ wá. Àwọn ọlọ́kọ̀ fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ká, wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ oníbọn, wọ́n sì ṣe yàrá onílẹ̀kùn irin sínú ọkọ̀ níbi tí atukọ̀ lè sá pamọ́ sí tí wọn yóò sì pa ẹ̀rọ kí olè má lè wa ọkọ̀ lọ. Ìkọlù ga jù ní 2011, ó sì rọlẹ̀ kíákíá lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ogun yí ojú sí àwọn Houthi ní ìparí 2023, àwọn ajalèlókun Sòmálíà padà dé: wọ́n gba ọkọ̀ MV Ruen ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Íńdíà ló sì gbà á padà ní oṣù Kẹta 2024. Ohun tó bí iṣẹ́ náà lórí ilẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gbun Gíní yàtọ̀. Ìjọba wà ní gbogbo etíkun rẹ̀ láti Senegal dé Angola, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí ọkọ̀ ogun àjèjì máa wọ omi rẹ̀ bó ṣe wù ú. Epo ló wà nídìí ìjalè ibẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ní Ilẹ̀ Dẹ́ltà Náíjíríà, ọ̀pọ̀ ọdún ni epo rọ̀bì ti ń ba odò jẹ́ nígbà tí owó rẹ̀ ń lọ sí ibòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ìbọn, jíjí epo fà láti inú páìpù sì di òwò tí àwọn ènìyàn ńlá ń tì lẹ́yìn. Ìdáríjì tí Ààrẹ Yar'Adua kéde ní 2009 mú kí ọ̀pọ̀ kó ìbọn sílẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n ti mọ ọkọ̀ oníyára í wà, tí wọ́n sì mọ ẹni tó ń ra epo olè, kọrí sójú òkun.

Orílẹ̀-èdè Benin ló kọ́kọ́ fara gbá a. Kò sí ìkọlù kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní omi rẹ̀ ní 2010. Ní 2011, ó tó 20. Ọkọ̀ agbépo tó dúró ní òde Kútọnu láti da epo sínú ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ń dọdẹ. Wọ́n á fi àkàsọ̀ gígùn tó ní ìkọ́ irin lórí gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lóru, wọ́n á da ìbọn bo àwọn atukọ̀, wọ́n á wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti lè fa epo rẹ̀ sínú ọkọ̀ tiwọn, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ní London kọ omi Benin mọ́ ara àwọn ibi eléwu, owó tí ọlọ́kọ̀ ń san gbéra, ọkọ̀ tó ń wọ èbúté Kútọnu sì dín kù. Fún orílẹ̀-èdè tí owó ibodè èbúté ń gbé ìjọba rẹ̀ ró, àjálù ni. Ààrẹ Boni Yayi kọ̀wé sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní oṣù Kẹsàn-án 2011, Náíjíríà àti Benin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi náà pọ̀, Náíjíríà ló sì kó ọkọ̀ tó pọ̀ jù wá. Èyí jẹ́ àpẹẹrẹ rere tí ó yẹ kí wọ́n máa sọ ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ: àwọn ará ilé kan náà ló kọ́kọ́ ran ara wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 2013, orílẹ̀-èdè 25 fọwọ́ sí Ìlànà Ìwà Yaoundé ní Kamẹrúùnù. Wọ́n pín omi láti Senegal dé Angola sí ẹkùn, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ilé iṣẹ́ tó ń gba ìròyìn. Kútọnu ni ti ẹkùn E, tí Náíjíríà, Benin àti Togo wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà rọrùn láti ṣàlàyé, ó sì ṣòro láti ṣe: bí ọkọ̀ kan bá kígbe ní omi kan, kí ẹni tó wà ní omi kejì ti gbọ́ kí olè tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn, owó epo já wálẹ̀, àwọn ajalèlókun sì fi epo sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ènìyàn. Ní 2020, atukọ̀ 135 ni wọ́n jí gbé ní gbogbo òkun àgbáyé; 130 nínú wọn, Ọ̀gbun Gíní ni. Inú igbó etí odò Dẹ́ltà ni wọ́n sábà ń kó wọn lọ. Àwọn tó fara gbá a kì í ṣe àwọn tó ni ọkọ̀. Ọmọ Filipínì, ọmọ Íńdíà, ọmọ Gánà tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ̀rọ ni, tí ìyàwó rẹ̀ ń retí owó oṣù rẹ̀ ní ìlú jíjìnnà, tó ń sùn sínú ẹrẹ̀ láìmọ ọjọ́ tí wọn yóò dá owó rẹ̀ jọ.

Ohun tó mú àyípadà wá bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹjọ́. Títí di 2019, Náíjíríà kò ní òfin tó dá ìjalè lórí òkun mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n ń mú ènìyàn, wọn kò sì rí ẹ̀sùn tó yẹ kà sí i lọ́rùn. Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin náà ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Ní oṣù Karùn-ún 2020, àwọn ajalèlókun gba ọkọ̀ apẹja Ṣáínà kan, Hai Lufeng 11, ní omi Côte d'Ivoire. Atukọ̀ 18, àwọn ọmọ Ṣáínà, Gánà àti Côte d'Ivoire, wà nínú rẹ̀. Wọ́n wà á gba ìlà-oòrùn, ìròyìn sì dé Náíjíríà ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Náíjíríà dé bá a lórí agbami, ní gúúsù Èkó, wọ́n gun ọkọ̀ náà, wọ́n gba gbogbo atukọ̀ là, wọ́n sì mú olè mẹ́wàá. Ní oṣù Keje 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 12. Oṣù kan ṣáájú ìdájọ́ yẹn, Náíjíríà ṣí ètò Deep Blue, tó ná 195 mílíọ̀nù dọ́là, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfuurufú, hẹlikópítà àti dírónù. Ìkọlù ní Ọ̀gbun Gíní, tó jẹ́ 81 ní 2020, já sí 34 ní 2021.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà hàn ní oṣù Kọkànlá 2021. Ọkọ̀ ogun Dẹ́máàkì, Esbern Snare, pàdé ọkọ̀ kékeré kan tó gbé àkàsọ̀ ní gúúsù Náíjíríà, lórí omi àgbáyé. Wọ́n yìnbọn fún ara wọn. Mẹ́rin nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré náà kú, wọ́n sì mú mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn fara gbọgbẹ́. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan ní agbègbè náà tó gbà láti dá ẹjọ́ wọn. Ní oṣù Kìíní 2022, àwọn ará Dẹ́máàkì gbé àwọn mẹ́ta tí ara wọn dá sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ àti epo tó lè gbé wọn délé, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ lọ sí Dẹ́máàkì. Ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá a lẹ́bi, kò sì fún un ní ìyà kankan. UNCLOS gba orílẹ̀-èdè yòówù láyè láti mú ajalèlókun lórí agbami. Kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ogun tí kò ní ilé ẹjọ́ lẹ́yìn, lílé nìkan ló lè lé olè.

Ààbò fún ta ni?

Ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ará Ìlàjẹ tó lé ní 100 wọ ọkọ̀ lọ sí orí pẹpẹ ìwapo Parabe ti ilé iṣẹ́ Chevron, ní òde etíkun Òǹdó. Wọ́n ní omi iyọ̀ ti wọ odò àwọn, ẹja ti lọ, iṣẹ́ kò sì sí fún ọmọ àwọn. Ní ọjọ́ kẹrin, hẹlikópítà tí ilé iṣẹ́ náà ń lò gbé sójà Náíjíríà débẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa ènìyàn méjì. Àwọn ará Ìlàjẹ gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà; ilé iṣẹ́ náà ní wọ́n fi òṣìṣẹ́ òun ṣe ìgbèkùn ni, àwọn olùpẹ̀jọ́ ní ìwọ́de aláìníbọn ni. Ní oṣù Kejìlá 2008, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ dá ilé iṣẹ́ náà láre. Ohun tí ẹgbẹ́ kan pè ní ìgbéjà ẹ̀tọ́ ni èkejì pè ní ewu sí ààbò, sójà sì ti dé kí ẹnikẹ́ni tó jókòó gbọ́ ẹjọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Mẹditaréníà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 2013, ọkọ̀ kan rì ní ẹ̀gbẹ́ erékùṣù Lampedusa, ènìyàn tó lé ní 360 sì kú. Ítálì bẹ̀rẹ̀ ètò Mare Nostrum, tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún là, àmọ́ ọdún kan péré ló lò. Òfin òkun àtijọ́ sọ pé ẹni tó bá rí ènìyàn tó ń rì gbọ́dọ̀ gbà á là, ẹni yòówù kó jẹ́. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn kan náà sí ewu ibodè, iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń ṣọ́ omi di iṣẹ́ méjì tó ń tako ara wọn.

Ẹja pípa lọ́nà àìtọ́ kò ní ariwo ìjínigbé, kò sì sí ẹgbẹ́ ọkọ̀ ogun àgbáyé tó wá nítorí rẹ̀ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú oúnjẹ kúrò lẹ́nu àwọn tó pọ̀ jù. Tírọ́là tó ń pa iná rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tó wà, tó sì wọ ibi tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ àjẹ̀, lè kó lóru kan ohun tí abúlé kan ń pa fún ìgbà pípẹ́.

Ààlà, wáyà àti omi tó ń gòkè

Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń jà lórí ààlà òkun pẹ̀lú. Ṣáínà ya ìlà sórí àwòrán ilẹ̀, ó ní òun ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú Òkun Gúúsù Ṣáínà. Filipínì gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ lábẹ́ UNCLOS, àwọn wọ̀nyí sì sọ ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2016 pé ẹ̀tọ́ tí Ṣáínà ń pè lórí ìlà náà kò bá òfin mu. Ṣáínà kọ ìdájọ́ náà, ó sì ti kọ́ pápákọ̀ òfuurufú sórí àwọn àpáta tó kó iyanrìn bò. Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn ará Áfíríkà kì í tẹ̀lé òfin àgbáyé yẹ kó wo Ọ̀gbun Gíní lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé fún Kamẹrúùnù ní Bakassi, ilẹ̀ etíkun tí òun àti Náíjíríà ń jà lé lórí, ní 2002. Ó dun Náíjíríà gan-an, ó sì kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò. Náíjíríà àti São Tomé fohùn ṣọ̀kan ní 2001 láti jọ máa lo omi tí wọ́n ń jà lé lórí. Gánà àti Côte d'Ivoire gbé ọ̀rọ̀ ààlà omi wọn lọ sílé ẹjọ́ òkun ní Hamburg, wọ́n sì gba ìdájọ́ 2017.

Abẹ́ omi náà ti wọ inú ìṣèlú. Wáyà tó wà nísàlẹ̀ òkun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú íńtánẹ́ẹ̀tì láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà mẹ́rin já nítòsí Abidjan, wọ́n sì fura pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló ṣí nípò. Báǹkì ní Èkó kò lè sanwó, ìpè àti ìsọfúnni di wàhálà ní Benin, Gánà àti Côte d'Ivoire. Kò sí ẹni tó kọlù ú, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọba rí ohun tí ẹni tó bá fẹ́ kọlù ú lè ṣe. Ní Òkun Baltic, níbi tí ìbúgbàù ti fọ́ páìpù gáàsì Nord Stream ní oṣù Kẹsàn-án 2022, àwọn ọkọ̀ ogun ń ṣọ́ wáyà báyìí bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ibodè.

Omi fúnra rẹ̀ ti ń yí ààlà padà. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ Ìlàjẹ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé, ọ̀nà àti itẹ́ òkú lọ. Láti etí omi ni UNCLOS ti ń ka máìlì 12 àti 200, nítorí náà bí etí omi bá sún sẹ́yìn, ìbéèrè dìde bóyá ẹja àti epo tó wà ní òde náà yóò bọ́ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tó ni wọ́n. Àwọn orílẹ̀-èdè erékùṣù Òkun Pàsífíìkì fi ohùn kan kéde ní oṣù Kẹjọ 2021 pé ààlà òkun tí àwọn ti kọ sílẹ̀ yóò dúró bó ṣe wà, bí omi tilẹ̀ gòkè. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 2024, ilé ẹjọ́ òkun ní Hamburg sọ nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ pé èéfín tó ń mú ayé gbóná jẹ́ ìbàjẹ́ òkun lábẹ́ UNCLOS, àti pé ó di ojúṣe àwọn orílẹ̀-èdè láti dín in kù.